Ewé Tó Kúnlẹ̀ Kí Ẹ̀rọ

Kí Ìbídùn tó sọ̀ kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ Alákíyèsí ti kúnlẹ̀ fún Màmá Àwẹ̀ró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó sì ti ń kí i lọ ràì bí ìyàwó tuntun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ kú oòrùn. Ẹ kú àfaradà. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn yín ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ òsì ni,” Màmá Àwẹ̀ró dá a lóhùn. “Dìde ńlẹ̀, ọmọ irin. Àtàárọ̀ ni mo ti ń gbá ẹnu ọ̀nà yẹn, má fi orúnkún ba iṣẹ́ mi jẹ́.”

Alákíyèsí dìde. Ó ga tó ewúrẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, ìka gígùn kan sì wà níwájú rẹ̀ tó fi ń fọwọ́ kan nǹkan, tó fi ń gbóòórùn, tó sì fi ń tọ́ nǹkan wò. Òun ni ìgbìmọ̀ ìlú Òkè-Ìtura fi ń mọ ohun tó yẹ kó wà nítòsí ọmọdé àti ohun tí kò yẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ ìlú tó mọ iṣẹ́ irin kọ́kọ́ gbé e wá, àwọn àgbà ìgbìmọ̀ fárígá, wọ́n ní àwọn ò gba adájọ́ tí kò mọ̀ ọ́n kí. Wọ́n bá gbé e padà lọ kọ́ lẹ́kọ̀ọ́: ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kúnlẹ̀ fún un, ẹni tó bá tẹrí ba fún ọ, àbúrò rẹ ni, dá a lóhùn kí o sì súre fún un. Ẹ̀kọ́ ilé yìí wọ̀ ọ́ lára ju gbogbo ìmọ̀ yòókù lọ. Wọ́n ní ó kúnlẹ̀ fún ère àgbà kan rí ní gbàgede ìlú, ó dúró níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń retí kí ère dá a lóhùn.

Ìbídùn náà kúnlẹ̀, ó kí Màmá, ó sì fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sókè dé igunpá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Òfin ìbọ̀wọ́ kò mú àgbàlagbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá nìkan ló mú. Ṣùgbọ́n Ìbídùn kò bọ́ tirẹ̀ níta rí láti kékeré, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ òkú rẹ̀ ni wọn yóò tó mọ àwọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ sókè jù, nítorí àmì bàbà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni. Ẹ̀rọ a máa yẹ nǹkan wò, ẹ̀rọ a máa kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àfi tí ẹlẹ́rìí bá tẹ àtàǹpàkò sí i. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tí Ìbídùn ti ń tẹ àtàǹpàkò, kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ sórí irọ́ rí. Ó ń fi èyí yangàn, ó tọ́ sí i.

Ọmọ méjìlá ló wà nínú ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fimú lẹ dígí títí èémí wọn fi bo dígí. Ìbọ̀wọ́ funfun wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó tì pa lọ́rùn ọwọ́, wọn kì í sì í ṣí i àfi nígbà ìwẹ̀. Ọmọ Ìbídùn wà nínú wọn, Jọláadé, ọmọ ọdún méje, ẹni tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti kọjá lára bàbá kan tó jókòó ti ajá rẹ̀. Ajá náà ń rìn bó ṣe wù ú. Bàbá ló so okùn aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọrùn ọwọ́.

“Mọ́mì, kí ló dé tó jẹ́ bàbá yẹn ni wọ́n so, tí wọn ò so ajá?”

“Onídùúró ajá ni. Ajá tí kò bá ní onídùúró ò gbọdọ̀ wọ̀lú. Ibi tí ajá bá wà lòun náà gbọ́dọ̀ wà, tó bá sì bu èèyàn jẹ, òun ló máa ro ẹjọ́ ẹ̀.”

“Ṣé ó fẹ́ràn ajá náà tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ọkọ̀ ti dé ọgbà nígbà náà.

“Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀,” ni Màmá Àwẹ̀ró wí. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí òpó gàgàrà kan lẹ́yìn odi. “Bí òjìji òpó yẹn bá kan ẹnu ọ̀nà kí o tó tẹ àtàǹpàkò, Ìbídùn, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí ìgbìmọ̀ tó tún gbà kí ọmọ bọ́ ìbọ̀wọ́ wọ ibí. Mo sì ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. N ò ní ẹ̀ẹ̀rùn tí mo fẹ́ fi tọrẹ.”

Òpó náà wà lára àwọn tó gbé Ìbòrí dúró. Ìbòrí ni aṣọ ńlá tí wọ́n ta bo Òkè-Ìtura láti àwọn ọdún Eruku, nígbà tí àrùn inú ilẹ̀ ń pa ọmọ kiri. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀ funfun bí omi ògì, kò gbóná, kò tutù. Ṣùgbọ́n lórí ọgbà yìí, ìgbìmọ̀ ti gbà kí wọ́n ká aṣọ náà kúrò. Oòrùn gidi ló ń ràn níbẹ̀. Ìbídùn rí òjìji ara rẹ̀ lórí ilẹ̀, dúdú, tó ní ìka márùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì dúró wò ó díẹ̀.

Ilẹ̀ ni Alákíyèsí kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ki ìka rẹ̀ bọ ibẹ̀ níbi mẹ́sàn-án.

“Ilẹ̀ mọ́,” ó ní. “Kò sí àrùn. Ilẹ̀ yìí mọ́ ju ìka mi lọ, ẹ má bínú.”

Ìbídùn ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá, Ìbídùn sì ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń sá fún ilẹ̀.

Wọ́n wọlé. Ó kọ́kọ́ rò pé ọgbà náà kò tó nǹkan. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀gbẹ́, kò rí ju ewé lásán lọ. Ó fẹ́ máa banú jẹ́ fún ìyá arúgbó náà.

Màmá rí ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ dúró bí òpó, kí lo máa rí? Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.”

“Màmá, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀.”

“Mo ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.”

Kí ni yóò ṣe? Ó kúnlẹ̀, ó tẹ ọwọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì dé ibi tí ojú Jọláadé máa ń wà. Ọgbà náà bá ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ohun tó rò pé ewé lásán ni, ọ̀nà tóóró ló wà láàárín wọn, ó ń yà síbí, ó ń yà sọ́hùn-ún. Lábẹ́ àwọn ewé kókò, ilé wà níbẹ̀ tí ọmọ méjì lè wọ̀ jókòó, òrùlé rẹ̀ tutù, oòrùn sì ń gba àárín iṣan ewé wọlé. Igbá wẹ́wẹ́ rọ̀ ní ibi tí etí ọmọdé máa kàn, wọ́n ní hóró nínú, afẹ́fẹ́ sì ń mì wọ́n jẹ́jẹ́. Bí ènìyàn bá ń lọ, iyanrìn á kọ́kọ́ wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà èèpo ekùrọ́, lẹ́yìn náà koríko tútù.

“Ọdún márùn-ún,” ni Màmá wí lókè orí rẹ̀. “Ọdún márùn-ún ni mo fi rákò níbí. Ohun tí mo bá rí lórí ìdúró, n ò gbìn ín. Èyí tí mo bá rí lórí ìrákò ni mo gbìn. Awọ ni mo so mọ́ orúnkún, ìgbà tí awọ já, mo so òmíràn. Ṣé o wá mọ ohun tó ṣe ẹsẹ̀ òsì mi báyìí?”

Orí Ìbídùn wú. Ó ti yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, ó ti yẹ ilé ìwòsàn wò àti gbọ̀ngàn olókè mẹ́wàá, kò tíì rí ibi tí ẹnì kan ti fi orúnkún ara rẹ̀ wọn ìlú fún ọmọdé bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ràn ìyá náà lójú ẹsẹ̀, ìfẹ́ tó ní ẹ̀rù nínú.

Iṣẹ́ ń lọ. Alákíyèsí kan efinrin, ó ní òórùn rẹ̀ dára. Ó kan koríko ọba, ó ní òun yóò padà wá gbóòórùn èyí tí iṣẹ́ bá parí. Ó fi ìka pa òdúndún àti rinrin lára, ó ní wọ́n tutù. Nígbà tó kan ewé eépín tó ń ha ni bí ahọ́n màlúù, ó fà sẹ́yìn, ó rò ó, ó ní, “Ó ń ha ni, ṣùgbọ́n kò gún ni. Ó yẹ.” Bó bá ti ní ó yẹ, iná aláwọ̀ ewé á tàn láyà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí àgbáyun, Màmá ní kí Ìbídùn ya ẹnu. Ó fi èso pupa kan sí i lẹ́nu, ó ní kó lá a yí ahọ́n ká. Lẹ́yìn náà ló gé ọsàn wẹ́wẹ́, ó fún un sí i lẹ́nu. Ìbídùn ti ká ojú jọ, ó ń retí kíkan. Dídùn ló bá níbẹ̀, ó dùn bí oyin. Ó la ojú. Ó tún ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, Màmá sì tún fún un ní òmíràn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ fi béèrè bóyá àìsàn kan ló ń ṣe wọ́n.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé àárín ọgbà, níbi ebè kan tí Màmá fi òkúta funfun yí ká. Ewéko kan ló wà níbẹ̀, kò ga, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́ tò lẹ́sẹẹsẹ bí eyín òòyà, òdòdó rẹ̀ rí róbótó. Patanmọ́ ni. Ìbídùn gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà rí, kò rí i lójú.

Alákíyèsí na ìka, ó kàn án.

Ewé náà padé. Ọ̀kan padé mọ́ èkejì, ẹ̀ka sì rọra tẹ̀ wálẹ̀, ó sì forí balẹ̀ pátápátá níwájú ẹ̀rọ.

Alákíyèsí dúró jẹ́ẹ́. Ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi,” ó ní. “O kú ìkíni. Wàá dàgbà, wàá dògbó, ọmọ tìrẹ náà á kúnlẹ̀ kí ọ. Ọmọ ta ni ọ́?”

Màmá Àwẹ̀ró fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ kó má baà ṣubú. Ẹ̀rín ló pa á, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò lè mí.

Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń kà á jáde bó ṣe ń kọ ọ́. “Ọmọdé mẹ́tàlá ló wà lágbègbè ọgbà. Méjìlá nínú ọkọ̀, ọ̀kan lórí ebè. Èyí tó wà lórí ebè kò wọ ìbọ̀wọ́. A fi orí jì í nítorí ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀. Ewéko inú ọgbà, gbogbo rẹ̀ yẹ. Ẹ̀gún, kò sí. Àyẹ̀wò parí. Kí ẹlẹ́rìí wá tẹ àtàǹpàkò.”

Àyà rẹ̀ ṣí, pátákó ìtẹ̀ka sì yọ jáde. Ìbídùn ń rẹ́rìn-ín lọ síbẹ̀, ó ti na ọwọ́. Nígbà náà ló wo igi patanmọ́ náà dáadáa. Bí ewé ṣe padé, igi rẹ̀ hàn gbangba. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ló tò lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

“Màmá. Ó lẹ́gùn-ún.”

“Ó lẹ́gùn-ún,” ni Màmá wí. Òun náà ti dákẹ́ ẹ̀rín.

“Ẹ sì mọ òfin. Ohun tó bá lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé jáde ò gbọdọ̀ wọ ọgbà.”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ kàn gbìn ín sáàárín gbùngbùn, ẹ tún fi òkúta funfun yí i ká?”

“Kí ẹ lè rí i ni. N ò bò ó. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá fi bẹ̀ yín sẹ́nu láti àná. Ta ló mọ̀ pé ọmọ irin ló máa gbà á ṣọmọ?”

Alákíyèsí ń dúró. Òjìji òpó ti rọra kọjá ìdí odi, ó kù bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́rin kó kan ẹnu ọ̀nà. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ la fi ń ra èké. Èké tọjọ́ yìí kò tilẹ̀ béèrè owó, àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló ń béèrè. Kí Ìbídùn tẹ̀ ẹ́, kí ọgbà ṣí, kí gbogbo ènìyàn máa yọ̀. Tí kò bá sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó rọrùn náà: kó fa nǹkan náà tu, ọgbà á yẹ láìsí irọ́.

“Ẹ jẹ́ n fà á tu,” ni Ìbídùn wí. “Ẹ ṣáà ní igba ewéko míì níbí.”

Màmá jókòó sórí òkúta, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. “Gbogbo àwọn yẹn ń gbà ni, kò sí èyí tó ń fèsì. Já efinrin bó o ṣe fẹ́, á máa ta sánsán. Fún òwú pa, á rọ̀ sí ọ lọ́wọ́. Ọmọ lè fi ọ̀sán gbáko jẹ wọ́n níyà, kó má mọ̀. Èyí nìkan ló máa sọ fún un pé ọwọ́ rẹ le jù. Ó máa kọ́kọ́ fi jẹ́jẹ́ sọ ọ́, á padé. Bí kò bá gbọ́, á gún un. Tó bá wá ní sùúrù, tó jókòó tì í, á tún ṣí fún un. Ta ló tún fẹ́ kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ Ìbòrí yìí? Ìbọ̀wọ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí bá Ìbídùn níbi tó ń dùn ún, nítorí ó ní ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó òròmọdìẹ wá sílé ẹ̀kọ́ kí àwọn ọmọ lè rí i. Jọláadé di ọ̀kan mú. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó gbá a mọ́ àyà, ó ń kọrin fún un. Nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti kú. Kò mọ̀ pé òun ń fún un. Títí di òní, ó gbà pé oorun ló gbé òròmọdìẹ náà lọ, Ìbídùn ò sì lágbára láti sọ fún un.

“Àbúrò mi ni Ládípọ̀,” ni Ìbídùn wí. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. “Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gún ló gún un lẹ́sẹ̀ nínú àgbàlá wa, lọ́dún Eruku kejì. Èmi ni wọ́n ní kí n máa wò ó. Ọjọ́ kẹta ló kú.”

Igbá wẹ́wẹ́ ń mì lórí wọn.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀,” ni Alákíyèsí wí, ó sì tẹ orúnkún iwájú.

“N ò ní sọ fún ọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́,” ni Màmá wí níkẹyìn. “Ilẹ̀ ti mọ́, ìwọ náà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wàá gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, kì í ṣe èmi. Fà á tu, tó bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn. N ò ní bínú sí ọ. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Bọ́ ìbọ̀wọ́ kó o tó fà á.”

Ìbídùn bọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbọ̀n, nítorí kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ní ọ̀nà tó ń gbà rìn láàárín ìka. Ó kúnlẹ̀ síwájú ebè. Patanmọ́ ti tún ń ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ń yọjú wò bóyá àlejò ti lọ. Ó na ọwọ́ láti di ìdí rẹ̀ mú, ewé kan sì kàn án lẹ́yìn ọwọ́. Ó padé. Ìbídùn rò ó lára rẹ̀, ìpadé kékeré yẹn, bí ẹni tí ọmọ jòjòló di ìka rẹ̀ mú. Ó dé ìdí igi, ẹ̀gún sì gún un látàǹpàkò. Ó dùn ún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yọ ṣóńṣó.

Ó wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ti bẹ̀rù rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kò sì tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Ó sunkún díẹ̀, kò pa á mọ́, Màmá sì jẹ́ kó sun ún.

“Alákíyèsí,” ó ní nígbà tó yá, “àkọsílẹ̀ rẹ kò pé. Kì í ṣe ọmọdé. Ewéko ni, ó sì lẹ́gùn-ún.”

“Ó kí mi.”

“Mo mọ̀ pé ó kí ọ.”

“Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò yẹ,” ni ẹ̀rọ wí, ohùn rẹ̀ sì relẹ̀. “Bí ẹ bá sì jẹ́ kó wà bí mo ṣe kọ ọ́, ó yẹ. Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀?”

“Torí ọjọ́ tó bá gún ọmọ ẹlòmíràn, tí ọmọ yẹn sunkún délé. Àkọsílẹ̀ á ní kò sí ẹ̀gún nínú ọgbà. Wọ́n á ní ọmọ náà ló ń purọ́.” Ó nu ojú. “Kọ ọ́ pé ẹ̀gún wà. Kọ ọ́ pé ó ní onídùúró.”

Màmá gbé orí sókè. “Onídùúró ajá kẹ̀?”

“Òfin ò pe ajá, Màmá. Ohun tó bá lè ṣe ni léṣe lòfin pè. Ajá nìkan ni ẹnikẹ́ni tíì dúró fún.”

“Òótọ́ ni,” ni Alákíyèsí wí lẹ́yìn tó ti wá inú ara rẹ̀ wò. “Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin nǹkan kò lè dúró fún un. Màmá kò lè ṣe é.”

“Èmi ni mo fẹ́ dúró fún un.”

“Ẹlẹ́rìí kì í ṣe onídùúró. Ẹnìkan kì í jókòó sórí àga méjì. Ibi tí ó bá wà lẹ gbọ́dọ̀ wà, ní gbogbo ìgbà tí ọmọdé bá wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, ẹ̀yin lẹ máa ro ẹjọ́ rẹ̀.”

“Mo ti gbọ́.”

“Ìbídùn,” ni Màmá wí, “ọdún mọ́kànlá. Rò ó dáadáa o.”

Ó rò ó. Òjìji ti dé ẹnu ọ̀nà gan-an, ó kù bí ìbú ọwọ́. Ó rántí ìbéèrè tí Jọláadé bi í lójú ọ̀nà nípa bàbá alájá. Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sórí pátákó bó ṣe wà, láìsí ìbọ̀wọ́, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀, ìtẹ̀ka ìkẹyìn tí yóò tẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ àmì bàbà kúrò lọ́rùn, ó sì gbé e sórí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ọrùn rẹ̀ fúyẹ́ lọ́nà tó dùn ún.

Iná aláwọ̀ ewé tàn. Okùn aláwọ̀ ìyeyè kan jáde láti ìhà Alákíyèsí, Màmá Àwẹ̀ró sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ dúpẹ́, Ìbídùn sì yára gbá a mú.

“Màmá, ẹ má dán an wò! Ẹsẹ̀ òsì yẹn.”

Wọ́n ṣí ọkọ̀. Àwọn ọmọ rọ́ jáde, wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ, ó sì ń ṣí ìbọ̀wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ìṣẹ́jú kan kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan rákò wọ abẹ́ ewé kókò, ariwo bá sọ. Ẹnì kan ń kígbe pé ewé kan ń lá òun. Ẹnì kan jókòó sínú iyanrìn, ó ń bù ú sórí itan ara rẹ̀.

Jọláadé kò dúró níbì kankan títí ó fi dé àárín. Ó ti rí okùn ọwọ́ ìyá rẹ̀.

“Mọ́mì, wọ́n ti so ẹ̀yin náà!”

“Wọ́n ti so mí.”

“Ajá yín dà?”

Ìbídùn fi ebè hàn án. Jọláadé kúnlẹ̀, ó di ẹ̀ka patanmọ́ mú pẹ̀lú gbogbo ọwọ́, gírígírí, bó ṣe máa ń di ohun gbogbo tó bá fẹ́ràn mú. Gbogbo ewé padé lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ náà kígbe, ó sì já ọwọ́ gbà.

Ẹ̀jẹ̀ yọ lórí ìka rẹ̀. Ìbídùn dúró, okùn ń jà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Jọláadé wo ìka rẹ̀ tìyanu tìyanu, ó fi í sẹ́nu, ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ewéko náà, tó ti dorí kodò, tó ti pa gbogbo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

“Mọ́mì, ṣé mo fún un jù ni?”

“O fún un jù díẹ̀,” ni Ìbídùn wí. “Jókòó tì í. Á tún ṣí.”

Ọmọ náà jókòó. Kò béèrè nǹkan kan mọ́, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ń wò ó. Nígbà tó pẹ́, ewé kan là, lẹ́yìn náà òmíràn. Jọláadé na ìka kan ṣoṣo síwájú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ pa òròmọdìẹ lórí.